Ìwé Tí Kì í Fi Ìtìjú Pamọ́: Ìtàn àti Àkọsílẹ̀ Eré Rose Bowl

   Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí eré bọ́ọ̀lù ọlọ́dọọdún kan tí àwọn ọmọ yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbá, kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà á, torí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn tó ti gbọ́njú nínú wa ní ọdún 1994 kò ní gbàgbé ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún náà. Emmanuel Amunike ti gba góòlù kan wọlé fún Nàìjíríà, ayọ̀ ti gba ìgboro kan. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí ni Roberto Baggio ti Ítálì dá góòlù náà padà. Nígbà tí wọ́n wọ àfikún àsìkò, ó tún fi pẹnárítì gba èkejì. Bí a ṣe kúrò nínú ìdíje Ife Àgbáyé nìyẹn. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, Baggio yìí kan náà ló dúró síwájú bọ́ọ̀lù nígbà tí Ítálì àti Brazil ń fi pẹnárítì parí ìjà. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù fò kọjá lókè òpó, Brazil gbé ife lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan sì sọ pé ẹ̀san ti dé.

Pápá tí Ítálì àti Brazil ti gbá àṣekágbá yẹn ni Rose Bowl, ní ìlú Pasadena, ìpínlẹ̀ California. Lórí pápá yẹn kan náà, ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 1999, àwọn ọmọbìnrin wa, Super Falcons, na Kòríà Àríwá ní 2 sí 1. Ẹsẹ̀ wa ti kan koríko ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ pápá náà ní eré mìíràn lọ́kàn, eré tó ti tó ogún ọdún kí wọ́n tó fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀. Eré yẹn ni mo wá sọ.

Kókó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dì mú. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe eré yìí ní bàbá àgbà gbogbo eré irú rẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ìlú kan yan ọjọ́ kan, ó mú ọjọ́ náà ní pàtàkì, ó sì ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sílẹ̀ pátápátá, ògo àti ìtìjú. Ìwé tí kò fi ìtìjú pamọ́ nìkan ni ọmọ ẹ̀yìnwá lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Irú eré wo ni?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n la eré náà yé àwọn tí kò wò ó rí. Bọ́ọ̀lù wọn rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ kékeré, ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó nídìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú sí ara wọn. Ẹni mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá, bíi tiwa. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún un síwájú tó yáàdì mẹ́wàá. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Ẹni tó ń darí wọn, tó ń pín bọ́ọ̀lù, tó sì ń jù ú, ni wọ́n ń pè ní quarterback. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ alátakò ti jẹ touchdown, àmì mẹ́fà nìyẹn lóde òní. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì jẹ àmì mẹ́ta. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì há sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, alátakò rẹ̀ jẹ àmì méjì. Ẹ fi àmì méjì yìí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá di ẹjọ́.

Ìlú tó yan ọjọ́ kan

Ìdí òkè San Gabriel ni Pasadena wà, kò jìnnà sí Los Angeles. Nígbà tí yìnyín bá bo ilé bo ọ̀nà ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, tí èémí ń di kùrukùru lẹ́nu ènìyàn, òdòdó ń tanná ní Pasadena, ọsàn ń pọ́n lórí igi. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ afẹ́ kan tí wọ́n ń jẹ́ Valley Hunt Club ní ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1890, wọ́n fi òdòdó bo kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn, wọ́n wọ́de la ìlú kọjá, nígbà tó di ọ̀sán wọ́n ṣe eré ìdárayá. Bí ọdún òdòdó rósì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 1893, ọjọ́ kìíní ọdún bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Láyé ìgbà náà, ẹṣin ni àwọn olùjọsìn ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Àwọn olùṣètò rò ó pé bí ìlù àti ariwo ìwọ́de bá ń kọjá, àwọn ẹṣin lè ta gìrì, kí wọ́n da ìsìn rú. Wọ́n sún ọdún sí ọjọ́ kejì. Ẹṣin ti tán níwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ òfin náà kò yí padà. Nígbà tí ọjọ́ kìíní ọdún 2023 bọ́ sí Àìkú, Mọ́ńdè ni wọ́n wọ́de, Mọ́ńdè náà ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọjọ́ ọdún nílé mọ̀ pé ohun tí ń gbé ọdún ró nìyẹn: àwọn àgbà fi òfin kan lélẹ̀ nítorí ọmọlàkejì wọn, àwọn ọmọ sì pa á mọ́.

Bọ́ọ̀lù wọ inú ọdún náà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1902. Wọ́n pe Michigan láti ìlà oòrùn, kó wá bá Stanford ti California gbá. Fielding Yost ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Michigan, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì le bí ojú ẹja. Nínú gbogbo eré tí wọ́n gbá ní sáà náà, àmì 550 ni wọ́n jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ ẹyọ kan lára wọn. Neil Snow nìkan jẹ touchdown márùn-ún lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, àwọn Stanford ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n dá eré dúró. 49 sí òdo ni àbájáde rẹ̀.

Ojú ti àwọn olùṣètò. Àlejò tí wọ́n pè wá fi ìyà jẹ onílé, eré kò sì parí dáadáa. Wọ́n pa bọ́ọ̀lù tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìje kẹ̀kẹ́ ẹṣin bíi ti àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Wọ́n fi ògòǹgò sáré. Ní ọdún 1913 wọ́n tilẹ̀ fi erin àti ràkúnmí díje, erin ló sì borí. Gbogbo rẹ̀ kò dà bíi bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1916 wọ́n mú un padà, kò sì tún sí ọdún kan láti ìgbà náà tí wọn kò gbá a. Síbẹ̀, bí ẹ bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn lónìí, 49 sí òdo ti ọdún 1902 ló wà lókè pátápátá. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, ìtìjú onílé ni.

Àwọn aláwọ̀ dúdú méjì

Ní ọdún 1916 tí wọ́n mú bọ́ọ̀lù padà, Washington State ló na Brown ní 14 sí òdo. Nínú ikọ̀ Brown ni ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Fritz Pollard, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gbá eré yìí. Ẹ ronú nípa ohun tí Amẹ́ríkà jẹ́ fún ènìyàn dúdú lọ́dún 1916. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù, ilẹ̀ sì rọ fún òjò débi pé ẹsẹ̀ ń rì. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Pollard di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú líìgì àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní NFL lónìí. Ọdún 2005 ni wọ́n tó gbà á sí ilé ọlá àwọn akọni eré náà, ó sì ti kú láti ọdún 1986.

Ní ọdún 1922, Washington and Jefferson, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan láti Pennsylvania, wá ko ẹgbẹ́ Yunifásítì California lójú. Ẹgbẹ́ tí apá ẹnikẹ́ni kò ká ni California nígbà náà. Ẹni mọ́kànlá péré ni Washington and Jefferson lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò pààrọ̀ ẹnì kan. Quarterback wọn ni Charlie West, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ yẹn nínú eré Rose Bowl. Òdo sí òdo ni wọ́n parí sí. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí eré Rose Bowl kankan tí ẹgbẹ́ méjèèjì kò jẹ àmì rárá. West padà lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ó sì di dókítà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn rẹ̀, ohun tó dá mi dúró ni òdo yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé wa, a kì í kọ òdo sílẹ̀. A máa ń ní eré kò dùn, a ó ṣí ojú ìwé sí iwájú. Àwọn wọ̀nyí kọ òdo wọn sílẹ̀, òdo náà ló sì jẹ́ kí a mọ Charlie West lónìí.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kọ́ pápá tuntun sínú àfonífojì Arroyo Seco. Myron Hunt ló yàwòrán rẹ̀. Ó jinnú bí abọ́, wọ́n sì pè é ní Rose Bowl, abọ́ rósì. Eré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún ni ti 1923, yunifásítì USC ti California na Penn State ní 14 sí 3. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ló mú kí àwọn Penn State pẹ́ dé, oòrùn sì ti wọ̀ kí eré tó parí. Orúkọ abọ́ náà wá ràn bí iná ọyẹ́. Ní ọdún 1935, ìlú mìíràn dá Orange Bowl sílẹ̀, òmíràn dá Sugar Bowl, òmíràn dá Sun Bowl. Ní 1937, Cotton Bowl dé. Lónìí, èyíkéyìí nínú àwọn eré àṣekágbá bẹ́ẹ̀, abọ́ ni wọ́n ń pè é, bí pápá rẹ̀ tilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọkùnrin tó sáré lọ sílé ara rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ díẹ̀ lórí ọjọ́ kìíní ọdún 1929. California àti Georgia Tech ló ń gbá. Eré ti wọ abala kejì nínú mẹ́rin, kò tíì sí ẹni tó jẹ ohunkóhun. Ọmọ Georgia Tech kan, Stumpy Thomason, gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n kọ lù ú, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Roy Riegels ti California he é. Ilẹ̀ alátakò kò jìnnà sí i mọ́. Àwọn tó fẹ́ gbá a mú rọ́ bò ó. Ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ojú rẹ̀ dà rú, ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tó yẹ kó lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀nà ṣí gbayawu níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dí i lọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dìde dúró, ariwo gba pápá. Létí ẹni tó ń sáré, ta ni yóò mọ̀ bóyá ariwo ìyìn ni tàbí ariwo ìkìlọ̀? Benny Lom, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, sáré tẹ̀lé e, ó ń lọgun pé kó dúró. Riegels ti sá tó yáàdì 65 kí ọwọ́ Lom tó tó o, ní bèbè ilé ara wọn. Ó yíjú padà, ó sì wá rí ohun tó ṣe. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, àwọn Georgia Tech ti dà á wó lórí ìlà yáàdì kan. California gbìyànjú láti fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà jáde kúrò nínú ewu, ẹnì kan fara dí i, wọ́n sì há sílé. Àmì méjì nìyẹn fún Georgia Tech, èyí tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí eré parí, 8 sí 7 ni. Ẹ yọ méjì kúrò nínú mẹ́jọ, ẹ ó mọ ẹni tí ì bá borí.

Ní àkókò ìsinmi, Riegels fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká, ó jókòó sí igun yàrá, ó ń sunkún. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Nibs Price, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí àkókò tó, ó ní àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré náà ni yóò padà sórí pápá. Gbogbo wọn jáde, ó ku Riegels. Ó ní òun kò lè lọ, òun ti ba ti Price jẹ́, òun ti ba ti yunifásítì jẹ́, òun ti ba ti ara òun jẹ́. Price gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní kó dìde, ìdajì eré ṣì wà níwájú. Riegels padà wọlé, ó sì gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí kò ní ọjọ́ mìíràn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí Price ṣe nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Riegels ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n fi í jẹ balógun ẹgbẹ́. Ayé kò dẹ́kun láti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ẹni tó sáré gba ọ̀nà òdì. Kò sá fún un. Nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ọdún 1957, Riegels kọ lẹ́tà sí i láti tù ú nínú. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ti Riegels tún lé lórí rẹ̀, torí ó na ọwọ́ sínú kòtò láti fa ẹlòmíràn jáde. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ilé ọlá Rose Bowl lónìí, láàárín àwọn tó borí.

Ọdún tí ogun gbé eré kúrò nílé

Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1941, Jàpáàn ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor. Eré Rose Bowl ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn ọ̀gágun ní kò sí àyè fún àpéjọ ńlá ní etíkun ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bọ́ǹbù lè balẹ̀ síbẹ̀ náà. Oregon State ló yẹ kó gba Duke lálejò ní Pasadena. Àwọn Duke ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ní Durham, North Carolina. Wọ́n yá ìjókòó lọ́wọ́ àwọn yunifásítì alábàágbé, nǹkan bí 56,000 ènìyàn sì jókòó wòran nínú òjò. Oregon State tí wọn kò kà sí rárá ló borí, 20 sí 16.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò bá wọn lọ. Jack Yoshihara, ọmọ Jàpáàn tó dàgbà sí Oregon, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Orí pápá ni wọ́n wà, wọ́n ń ṣe ìgbáradì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó dúró sílé. Lẹ́yìn náà wọ́n kó òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí àgọ́ ìhámọ́ ní Idaho, láìṣẹ̀ láìrò, nítorí ibi tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní òrùka tí wọ́n fi ń dá àwọn tó gbá Rose Bowl lọ́lá, ní ọdún 2008 yunifásítì náà sì fún un ní oyè ìdánilọ́lá. Ó ti darúgbó nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá eré yẹn ló wọṣẹ́ ológun. Mẹ́rin nínú wọn kò padà wálé láti ojú ogun. Charles Haynes ti Duke gbọgbẹ́ ní Ítálì, ìyè ti fẹ́ bọ́; ẹni tó gbé e kúrò níbẹ̀ ni Frank Parker, tó ti bá Oregon State gbá a lójú pápá ní Durham. Bí àkọsílẹ̀ bá dúró sí 20 sí 16, a kì bá mọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Ohun tí àwọn nọ́ńbà ń sọ

Láti ọdún 1947, wọ́n fẹnu kò pé aṣojú àwọn yunifásítì àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ìyẹn Big Ten, ni yóò máa bá aṣojú etíkun ìwọ̀ oòrùn pàdé. Illinois ló kọ́kọ́ wá, ó fi 45 sí 14 na UCLA. Rédíò ti gbé eré náà ká gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1927. Tẹlifíṣọ̀n ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1952. Láti ìgbà náà, ẹni tí yìnyín há mọ́lé ní Chicago lè jókòó nínú yàrá kó máa wo oòrùn ìrọ̀lẹ́ lára òkè San Gabriel.

USC ni ọ̀gá nínú ìwé náà. Ó ti gbá a nígbà 34, ó sì borí nígbà 25. Howard Jones àti John McKay, akọ́nimọ̀ọ́gbá USC méjèèjì, borí nígbà márùn-ún márùn-ún. Jones kò sì pàdánù ẹyọ kan. Ní òdìkejì ni Bo Schembechler ti Michigan wà, ọ̀kan nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ. Ó kó ẹgbẹ́ wá nígbà mẹ́wàá, méjì péré ló borí. Ìwé náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò ṣẹ́ ẹ kù.

Ẹni tó fi ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù jìnnà jù ni Charles White ti USC, yáàdì 247 ní ọdún 1980. C.J. Stroud ti Ohio State ju bọ́ọ̀lù tó yáàdì 573 ní ọdún 2022, lọ́jọ́ tí Jaxon Smith-Njigba, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, gba èyí tó tó 347 nínú rẹ̀. Èrò tó pọ̀ jù ni ti ọdún 1973: ènìyàn 106,869 jókòó nígbà tí USC na Ohio State ní 42 sí 17. Eré tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù ni ti 2018: Georgia àti Oklahoma wọ àfikún àsìkò, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn eré náà, wọ́n wọ èkejì, Georgia sì borí ní 54 sí 48. Ìnà tó tíì gbòòrò jù ni 49 sí òdo, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ṣẹlẹ̀: Michigan sí Stanford ní 1902, Michigan sí USC ní 1948. Àní ọ̀gá tó borí nígbà 25, ìnà òdo rẹ̀ wà nínú ìwé.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé eré tó dùn jù ni ti ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní ọdún 2006. USC ti borí nínú eré 34 léraléra. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́fà ààbọ̀ ló kù, wọ́n wà níwájú Texas ní 38 sí 26. Quarterback Texas, Vince Young, jẹ touchdown kan, ó ku àmì márùn-ún. Bọ́ọ̀lù tún padà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, ìgbìyànjú kẹrin ni, bí wọ́n bá ti kùnà eré parí. Young wá ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí, kò rí. Ó yí sí ọ̀tún, ó sì rí ọ̀nà kan tó ṣí ní etí pápá. Ó sáré wọlé, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Aago ku ìṣẹ́jú àáyá 19. 41 sí 38.

Nínú ìwé yìí, orúkọ tiwa wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2001, Washington na Purdue ní 34 sí 24. Drew Brees ni quarterback Purdue, ẹni tó wá di ìlúmọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà. Nínú ikọ̀ Purdue ọdún yẹn ni Akin Ayodele wà. Ayọ̀ kò délé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ Ayọ̀délé dé inú ìwé, kò sì sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù.

Ìyípadà dé

N kò ní tàn yín, ayé ti yí padà fún bàbá àgbà. Láti ọdún 2015 ni Rose Bowl ti ń wọ inú ètò ìdíje tí wọ́n fi ń wá ọ̀gá gbogbo gbòò, owó tẹlifíṣọ̀n sì ti tú àwọn àjọ àtijọ́ ká. Ní 2021, àrùn kòrónà gbé eré náà lọ sí Texas, ìgbà kejì tó kúrò nílé. Ní 2024, USC, UCLA, Oregon àti Washington kó lọ sínú Big Ten. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní ọdún 2025, Ohio State na Oregon ní 41 sí 21, inú àjọ kan náà sì ni ẹgbẹ́ méjèèjì ti wá. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn tí ń pàdé lọ́jọ́ ọdún ti di ọmọ ilé kan. Ó dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ti sọnù lè ṣí ìwé, kó kà á láti ìlà àkọ́kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé délé

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo padà sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí mo ti gbá bọ́ọ̀lù rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ wo àkọsílẹ̀ àṣekágbá kan tí a bá ilé ẹ̀kọ́ alábàágbé gbá. Wọ́n mú mi wọ yàrá kan, a tú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ife mẹ́ta tó ti dípẹtà ló wà níbẹ̀, kò sí ìwé. Wọ́n ní wọ́n ti sun àwọn ìwé àtijọ́ nígbà tí wọ́n ń kun ọ́fíìsì. Mo wá béèrè lọ́wọ́ mẹ́ta nínú àwọn tí a jọ gbá a. Ọ̀kan ní 2 sí 1 ni wọ́n fi nà wá. Èkejì ní 3 sí 1 ni. Ẹ̀kẹta búra pé àwa la borí. Mo sì mọ̀ pé a pàdánù, torí èmi ni mo gba bọ́ọ̀lù sílé ara wa lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Olùkọ́ eré ìdárayá wa tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ó fún mi ní ọsàn kan, kò sọ ohunkóhun. Mo ti wá orúkọ olùkọ́ yẹn láti kọ ọ́ sínú ìwé, ìnagijẹ rẹ̀ nìkan ni gbogbo wa rántí.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Roy Riegels nìyẹn, tí mo sì fi fẹ́ràn ìwé tó pa ìtàn rẹ̀ mọ́. Ìwé tó kọ àṣìṣe Riegels sílẹ̀ náà ló pa orúkọ Nibs Price mọ́. Bí wọ́n bá fi ìtìjú ọmọ náà pamọ́, inú rere àgbà ì bá bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá àti olùkọ́, ohun tí mo ń tọrọ kò wọ́nwó. Ẹ ra ìwé kan ṣoṣo fún bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ yín. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ibi tí ẹ ti gbá a, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wọ pápá, ẹ kọ iye tí wọ́n fi nà yín. Bí òdo bá ni, ẹ kọ òdo. Bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù sílé ara rẹ̀, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó jókòó tì í nígbà tó ń sunkún.